Orí Ni Ẹja Fi Ń La Ibú

Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ, ẹja àrọ̀ kan tó gùn tó apá ọmọdé wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi tútù. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó ń darí ètò náà gbé ẹja ọ̀hún sókè, wọ́n kọjú sí ọmọ tuntun, wọ́n ní, "Orí ni ẹja fi ń la ibú já. Orí rẹ yóò bá ọ la ibú ayé já." Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe é tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n n kò lè gbé ojú kúrò lára orí ẹja náà, nítorí pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi la orí àrọ̀ mọ́kànlá nínú yàrá ìṣàyẹ̀wò wa. Àwọn àgbà tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn kò ní máíkírósíkóòpù. Síbẹ̀, nínú gbogbo ẹja inú odò wa, n kò mọ èyí tí ọ̀rọ̀ náà tún bá mu tó àrọ̀, nítorí pé inú orí rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà ní tòótọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wádìí ìgbésí ayé ẹja inú omi ilẹ̀ olóoru, kí n sì máa fi ohun tí mo bá rí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní yunifásítì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹja tó ṣọ̀wọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ládùúgbò wa, ni mo rò pé ó yẹ kí onímọ̀ máa lé kiri. Àrọ̀ ni ẹja tí wọ́n ń fi se ọbẹ̀ ata fún àlejò, òun ni wọ́n ń sìn nínú tánkì lẹ́yìn ilé. Kí ló tún kù tí a ó mọ̀ nípa rẹ̀? Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo ń wá lọ sí òkèèrè wà nínú bàsíà àwọn ìyá ẹlẹ́ja lójú ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orí náà ṣe rí. Ó le bí igbá. Egungun pẹlẹbẹ ló bò ó láti imú dé ẹ̀yìn ọrùn, irungbọ̀n mẹ́jọ sì yí ẹnu rẹ̀ ká, èyí tí ẹja náà fi ń tọ́ ilẹ̀ odò wò nínú òkùnkùn àti nínú ẹrẹ̀, níbi tí ojú kò ti wúlò. Bí a bá ṣí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, a ó rí gíìlì, ẹran pupa wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó tò bí eyín ìyarun, tí gbogbo ẹja fi ń gba èémí láti inú omi. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí nígbà tí wọ́n bá ń fọ ẹja. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ là á díẹ̀ sókè sí i, lẹ́yìn ojú, a ó kan yàrá kékeré méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ohun kan sì ti hù bí igi: ó ní ìtì, ó ní ẹ̀ka, ẹ̀ka tún pín sí ẹ̀ka, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí iyùn, ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń mì bí ènìyàn bá mí sí i. Igi méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Orí egungun gíìlì kejì ni ọ̀kan ti hù, èkejì hù lórí ìkẹrin. Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú wọn. Afẹ́fẹ́ tí ẹja náà bá gbé mì lójú omi ni wọ́n ń fà mọ́ra.

Lọ́dọọdún ni mo máa ń dákẹ́ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá dé ibẹ̀, kí n má bàa gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lẹ́nu. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ wò ó, igi ni! Igi wà lórí ẹja!" Gbogbo kíláàsì ló sáré lọ sí ìdí tábìlì rẹ̀. Kò sí ìwé tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́.

Kí ni ẹja ń fi irú igi bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ooru ilẹ̀ wa. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn tó lè gbà mọ́ra ṣe ń dín kù. Omi tí ooru rẹ̀ wà ní 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, irú èyí tó wà nínú odò ilẹ̀ olótùútù, lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 12.8 ọ́síjìn sínú lítà kan. Bí omi kan náà bá gbóná dé 30, kò lè gbà ju nǹkan bí 7.5 lọ. Ooru yìí kan náà ló ń mú kí ara ẹja máa ṣiṣẹ́ kíákíá, nítorí pé bí omi bá ṣe gbóná tó ni ara ẹja máa ń gbóná tó. Ìgbà tí ẹja nílò èémí jù, ìgbà náà gan-an ni omi kò ní in láti fún un. Ẹ wá fi ewé jíjẹrà àti ẹrẹ̀ kún un, kí ẹ sì tún fi òru kún un: lóru, ewéko inú omi kì í pèsè ọ́síjìn mọ́, àwọn náà ń jẹ nínú rẹ̀ ni, tí ó fi jẹ́ pé ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni omi adágún máa ń ṣófo jù. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́, ẹja inú omi tútù ló kún inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé àìní èémí jẹ́ àjálù tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí ẹja ń bá jí lójoojúmọ́ ni.

Apẹja kan ló kọ́ mi ní èyí kí ẹ̀rọ tó fi hàn mí. Mo ń gba àpẹẹrẹ omi jọ ní ọ̀sà Lẹ́kí, ní apá Ẹ̀pẹ́, bàbá àgbàlagbà kan sì ni wọ́n ń fi ọkọ̀ wọn gbé mi kiri. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ìdájí, wọ́n gbé àjẹ̀ wọn kúrò nínú omi, wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ewu kan ni wọ́n rí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ: ìró kékeré kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún láàárín koríko, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ètè gba omi mu. Wọ́n ní, "Olùkọ́, ṣé ẹ gbọ́ wọn? Wọ́n ń mí. Bí wọ́n bá ti ń mí báyìí, omi ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ wá ẹpìyà síbí." Mo ti ẹ̀rọ ìwọ̀n ọ́síjìn mi bọ omi. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò tó mílígíráàmù méjì. A sì ta àwọ̀n síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, a kò rí ẹpìyà kankan.

Ọ̀rọ̀ "omi ti rẹ̀ ẹ́" yìí ti di ọ̀rọ̀ tí mo fi ń kọ́ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí kò lè há òfin ooru àti afẹ́fẹ́ sórí kì í gbàgbé omi tó rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń mú un ní dandan pé, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ orúkọ Látìn ẹja sínú ìwé rẹ̀, kí ó kọ orúkọ tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń pè é, kí ó sì béèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Orúkọ Látìn àrọ̀, Clarias gariepinus, ọdún 1822 ni wọ́n ti fún un, láti ara odò Gariep ní gúúsù Áfíríkà. Ó wúlò fún wa láti fi bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ìró tí ẹja náà ń ṣe ní ìdájí, orúkọ mìíràn ni ó fi ń pè é.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwa la kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Láàárín ọdún 1970 sí 1974, Fagade àti Olaniyan ti tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ẹja ọ̀sà Èkó: ohun tí wọ́n ń jẹ, ìgbà tí wọ́n ń wọlé, ìgbà tí wọ́n ń jáde. Ọ̀sà náà kì í rí bákan náà jálẹ̀ ọdún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a gba ẹnu ọ̀sà wọlé, iyọ̀ a pọ̀, ẹja òkun a sì bá a wọlé. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, omi odò a lé iyọ̀ padà, ẹja odò a sọ̀ kalẹ̀. Ẹpìyà tó ní àgbọ̀n dúdú, tí wọ́n ń pè ní Sarotherodon melanotheron, wà lára àwọn tó lè fara da méjèèjì. Akọ rẹ̀ ló ń fi ẹnu gbé ẹyin títí wọn yóò fi di ọmọ. Bàbá tí kò lè jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì nítorí pé ọmọ wà lẹ́nu rẹ̀: mo máa ń sọ èyí ní kíláàsì, àwọn ọkùnrin inú kíláàsì a sì jókòó dáadáa.

Àrọ̀ kò ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Òjò ló ń dúró dè. Nígbà tí odò bá kún, tí omi bá bo koríko etí odò, àwọn àrọ̀ a lọ sí ibi tí omi kò jìn, wọn a yé ẹyin sára koríko lóru, wọn a sì padà. Bí òjò bá pọ̀, wọ́n a tilẹ̀ fi egungun lẹ́bẹ́ àyà wọn wọ́ gba orí ilẹ̀ tútù láti inú omi kan bọ́ sínú òmíràn, nítorí pé ẹni tó lè mí afẹ́fẹ́ kò ní ìdí láti bẹ̀rù ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sé e mọ́ inú adágún, ẹyin inú abo a gbó, kò sì ní yé e. Ó ń dúró de òjò tí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú orí rẹ̀ náà ni ìdáhùn wà. Lábẹ́ ọpọlọ ẹja, ẹran kékeré kan wà tí kò tóbi ju hóró àgbàdo tí a fọ́ wẹ́wẹ́ lọ, tí wọ́n ń pè ní pituitary. Òun ló ń ránṣẹ́ sí ilé ẹyin pé àsìkò tó. Ní ilẹ̀ Brazil, láàárín ọdún 1930 sí 1940, Rodolpho von Ihering fi hàn pé bí a bá yọ ẹran yìí láti orí ẹja kan, tí a lọ̀ ọ́, tí a fi abẹ́rẹ́ gún un sára ẹja mìíràn, ẹja náà yóò yé ẹyin láìsí òjò. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n mú bá àrọ̀ lẹ́yìn náà, Central African Republic sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é dáadáa ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980. Ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ àrọ̀ tí àwọn olọ́sìn ẹja wa ń rà lónìí, ọ̀nà yẹn ló gbà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn inú ìgò ni púpọ̀ wọn ń lò báyìí dípò orí ẹja.

Òru ni mo máa ń fi kọ́ni ní èyí. A ó gún abo ní abẹ́rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò di orí rẹ̀ mú pẹ̀lú aṣọ tútù, èkejì yóò di ìrù, ẹ̀kẹta yóò fi àtàǹpàkò ra ikùn rẹ̀ wá sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹyin a dà sínú abọ́ gbígbẹ bí ọkà bàbà, àwọ̀ rẹ̀ láàárín ewé àti igi. Gíráàmù kan ṣoṣo máa ń ní nǹkan bí ẹyin 600 sí 700. Akọ kò ṣeé ra níkùn bẹ́ẹ̀. Ṣe la máa ń pa á kí a tó rí àtọ̀ rẹ̀ gbà. Mo máa ń ní kí kíláàsì dákẹ́ nígbà tí a bá fẹ́ ṣe èyí, nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n kọ́ láti máa pa ohun ẹlẹ́mìí bí ẹni ń já ewé. Lẹ́yìn tí a bá da àtọ̀ àti ẹyin pọ̀, tí a bu omi lé e, kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí iṣẹ́ àtọ̀ náà yóò fi parí. Kò sí àyè láti dá dúró béèrè ọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, ọmọ ẹja a jáde, wọn a gùn tó hóró ìrẹsì kékeré, àpò oúnjẹ wọn a ṣì so mọ́ ikùn fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tí mo ń sọ fún gbogbo kíláàsì tuntun. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi fún oyè, mo ní ọmọ àrọ̀ tó lé ní 40,000 nínú tánkì mẹ́fà níbì kan tí mo yá lò. Wọ́n ti pé ọmọ ọjọ́ márùn-ún. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi sì dákẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo sọ fún ẹni tó yẹ kó ṣọ́ ọ pé kó máa lọ sùn, nítorí pé mo ní àrọ̀ ni, àrọ̀ kì í kú nítorí àìní èémí. Nígbà tí mo dé ní àárọ̀, gbogbo wọn ti funfun sí ìsàlẹ̀ tánkì bí ògì tó tòrò. Bàbá tó ń bá wa tọ́jú ibẹ̀ dúró tì mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní, "Dókítà, ọmọ àrọ̀ kò tíì di àrọ̀."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Igi orí yẹn kì í bá ẹja wáyé. Ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ọmọ ẹja bá jáde kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò; kí ó tó dìgbà náà, gbogbo èémí rẹ̀ inú omi ló ti ń gbà á, bíi ti ẹpìyà, bíi ti ẹja ilẹ̀ olótùútù. Mo ti kà á rí. Mo ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì yege. Síbẹ̀, mo pa 40,000.

Èyí ló jẹ́ kí n máa bínú nígbà tí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ń sọ nípa odò kan tó ti bàjẹ́ pé, "Ẹja ṣì wà níbẹ̀ o." Ẹja wo? Bí àrọ̀ ńlá bá wà nínú gọ́tà, kò fi hàn pé omi gọ́tà náà dára. Ohun tó fi hàn ni pé àrọ̀ náà ti pa omi tì, afẹ́fẹ́ ni ó ń mí. Ní etí ọ̀sà Èkó, ìyẹ̀fun igi láti ibi ìlagi Òkòbàbà ti wọ inú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá ti ń jẹrà ni ó ń jẹ ọ́síjìn. Koríko ojú omi tí wọ́n ń pè ní hyacinth, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní apá Àgbádárìgì lọ́dún 1984, a bo ojú omi pátápátá, ìmọ́lẹ̀ kò ní wọlé mọ́, ewéko abẹ́ omi a kú. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ẹpìyà a kọ́kọ́ lọ, àwọn ẹja kéékèèké tí wọn kò ní igi lórí a tẹ̀ lé e, àrọ̀ a wà níbẹ̀ digbí, a ó sì máa rò pé nǹkan kò bàjẹ́. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n kó o lọ, ìfaradà rẹ̀ yìí ti di ìṣòro fún wọn: ó bọ́ sínú odò Brazil, ó bọ́ sínú odò Íńdíà, ó ń jẹ ẹja ilẹ̀ wọn, débi pé ìjọba Íńdíà fòfin de sísìn ín. N kò dá ẹja náà lẹ́bi. Bí a ṣe dá a ló ń ṣe. Àwa tí a fi ìfaradà rẹ̀ bojú kí a má bàa rí ohun tó ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo ń bá wí.

Ní Òṣogbo, wọ́n ní ẹja ló jáde láti inú odò Ọ̀ṣun wá bá ọba àkọ́kọ́ níbẹ̀, tí ọba náà sì tẹ́wọ́ gbà á, ìdí nìyẹn tí oyè ọba ìlú náà fi jẹ́ Àtáọ́ja. Títí di òní, ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun ni wọ́n ka ẹja inú odò igbó rẹ̀ sí, wọn kì í sì í pẹja níbẹ̀. Mo ti gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ rí láti lọ wo ohun tí odò máa ń rí nígbà tí a bá fi ẹja rẹ̀ sílẹ̀ fún ìran púpọ̀. Ní ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ omi náà di ẹrẹ̀ pupa. A kò fọwọ́ kan ẹja náà, a sì ba èémí rẹ̀ jẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, mo mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta lọ sí odò kékeré kan tí a ti ń ka ẹja inú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ibi iṣẹ́ yìí. A dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. A pa tọ́ọ̀ṣì, a dákẹ́, wọ́n sì gbọ́ ọ fúnra wọn, ìró yẹn, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ẹnì kan ka ohun tí ẹ̀rọ kọ: 1.4. Nígbà tí ojú mọ́, a fa àwọ̀n, a tú ìgèrè, a ka àrọ̀ mẹ́tàdínlógún, gbogbo wọn sanra. Ọmọkùnrin tó ń kọ àkọsílẹ̀ wo ìwé rẹ̀ títí, ó wá bi mí pé, "Mà, kí ni kí n kọ sí ìlà ẹpìyà?"

Mo ní kó kọ òdo síbẹ̀. A palẹ̀ àwọ̀n mọ́, a sì gba ìsàlẹ̀ odò lọ síbi kejì tí a ó ti kà.